Orí kẹta iṣẹ́ ìwádìí lórí àgbẹ̀ oníṣu ní Èkìtì: báwo la ṣe lè yọ ọwọ́ amúnisìn kúrò níbẹ̀ kí ìgbìmọ̀ sì gbà á?

Oníwàádìí_Adó béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo wà nípele másítáàsì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, Adó-Èkìtì níbí. Ohun tí mo fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí ni bí àwọn àgbẹ̀ oníṣu ní agbègbè Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé ṣe ń yan èbù, bí wọ́n ṣe ń gé e, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ di àsìkò ìgbìn.

Àwọn iṣẹ́ tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀nà kan náà ni púpọ̀ nínú wọn gbà. Wọ́n á mú ọ̀nà gígé èbù kéékèèké tí ilé ìwádìí gbé jáde, èyí tí èbù kan rẹ̀ kò ju nǹkan bíi giráàmù 25 lọ, wọ́n á wá máa bi àwọn àgbẹ̀ bóyá wọ́n ti gbà á. Ẹni tó gbà á ni ọ̀làjú. Ẹni tí kò gbà á ń lọ́ra. Wọ́n á wá ṣírò ìdí tó fi ń lọ́ra: kò kàwé, ó ti dàgbà, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. N kò rí ibi tí wọ́n ti bi àgbẹ̀ léèrè ohun tó rí nínú èbù kékeré yẹn tó fi padà sí tirẹ̀.

Mo ti ka Linda Tuhiwai Smith, ọmọ Máórì ti New Zealand tó gbé ìwé rẹ̀ lórí yíyọ ọwọ́ amúnisìn kúrò nínú ìwádìí jáde ní 1999, mo sì ti ka Bagele Chilisa ti Botswana, ìwé 2012. Mo fara mọ́ wọn pátápátá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há ni kíkọ ọ́ sílẹ̀ ní orí kẹta, ìyẹn orí tí a ti ń ṣàlàyé ọ̀nà ìwádìí. Alábòójútó mi kò ta kò mí, ṣùgbọ́n ó ní ìgbìmọ̀ máa béèrè irinṣẹ́ tí mo lò, iye èèyàn tí mo bá sọ̀rọ̀ àti bí mo ṣe yàn wọ́n, bí mo ṣe tú ọ̀rọ̀ wọn palẹ̀, àti ẹ̀rí pé àbájáde náà ṣeé gbára lé. Ó tún ní kí n má fi ìwé ìbéèrè onípele márùn-ún sílẹ̀ pátápátá, ìyẹn "mo gbà gan-an" títí dé "n kò gbà rárá".

Kí ni kí n kọ síbẹ̀ gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo lè ṣe ní oko ni mo ń wá. Àlàyé ohun tí ìmúnisìn jẹ́ ti wà ní orí kejì mi.

---

Bàbá_Abà fèsì:

Ẹ kú làákàyè. Kí ẹ tó dé orí kẹta, ẹ padà sí orí kìíní. Bí àkọlé yín bá ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa "gbígba ọ̀nà tuntun", kò sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá ní orí kẹta tó máa tún un ṣe, torí ìbéèrè yẹn ti dá ẹjọ́ kí ẹ tó dé abà: ilé ìwádìí ló mọ̀, àgbẹ̀ ló ń kọ́. Ẹ yí i padà. Kí ni àgbẹ̀ ń wò lára iṣu kó tó fi í ṣe èbù? Kí ló ń dán wò? Kí ló mú un pa ohun tó dán wò tì? Ọ̀nà giráàmù 25 á wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun tí àgbẹ̀ ti dán wò.

Ẹ ṣàlàyé ìdí fún ìgbìmọ̀ pẹ̀lú. Èbù giráàmù 25 kò ní oúnjẹ púpọ̀ nínú. Bí òjò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìgbìn, ó lè gbẹ kó tó hù. Ó ń fẹ́ kí wọ́n fi eérú tàbí oògùn pa ojú ibi tí wọ́n gé, kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó hù lọ́tọ̀ nínú pàǹtí pákó tó kúnná tí wọ́n bu omi rin, kí wọ́n tó gbé e lọ sóko. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ohun tó máa so lọ́dún náà, èbù ọdún tó ń bọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, iṣu tí èèyàn lè tà tàbí gún kò tó nǹkan. Àgbẹ̀ tó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ ní oṣù kẹsàn-án kò lè fi gbogbo oko rẹ̀ dúró dè é. Àwọn olùwádìí fúnra wọn padà sún ìwọ̀n náà sókè sí nǹkan bíi giráàmù 80 sí 100. Ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé wọ́n ń lọ́ra ti mọ ìyẹn tipẹ́. Ìwé ìbéèrè ni kò fi àyè sílẹ̀ fún wọn láti sọ ọ́.

Ó ku ìwọ̀n oko, ibi tí iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́ láìsí ẹni tó fura. Ìwé ìbéèrè á ní "hẹ́kítà mélòó ni oko yín?" Ebè ni àgbẹ̀ oníṣu ń kà, igba-igba ló sì ń kà á, torí bí alágbàṣe ṣe ń kọ ọ́ tí wọ́n fi ń sanwó fún un nìyẹn. Bí ẹ bá rin kinkin mọ́ hẹ́kítà, á wá nǹkan sọ kó lè tẹ́ àlejò lọ́rùn, á ní "ó tó bíi méjì", ẹ̀yin náà á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iye ebè ni kí ẹ béèrè. Kí ẹ wá mú téèpù lọ sí oko mẹ́wàá ó kéré tán ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹ to ebè mẹ́wàá lójú, ẹ wọn láti orí ti àkọ́kọ́ dé orí ti ìkẹwàá, ẹ fi mẹ́sàn-án pín in, torí àlàfo mẹ́sàn-án ló wà láàárín ebè mẹ́wàá (èyí tó ń fi mẹ́wàá pín in pọ̀ jù, ó sì máa ń jẹ́ kí oko kéré sí bó ṣe jẹ́). Ẹ ṣe é lóròó, ẹ ṣe é níbùú. Bí àlàfo bá jẹ́ mítà kan lóròó àti níbùú, hẹ́kítà kan gba ebè 10,000, igba ebè sì jẹ́ 0.02 hẹ́kítà. Bó bá jẹ́ mítà 1.2, ebè 6,944 ni hẹ́kítà kan máa gbà. Ẹni tó ní ebè 3,000 lè tipa bẹ́ẹ̀ ní 0.3 hẹ́kítà ní abúlé kan, kí ẹni tó ní iye kan náà ní 0.43 ní ibòmíràn. Ebè inú àkùrọ̀ kò rí bí ebè orí òkè, nítorí náà ẹ má fi ìṣirò ibì kan ṣe ti ibòmíràn. Nínú tábìlì yín, iye ebè ni kó ṣáájú, kí hẹ́kítà tẹ̀ lé e.

Ní ti iye èèyàn, ìlànà Yamane ni gbogbo wa ń lò: ẹ fi iye gbogbo èèyàn náà lọ́nà 0.0025, ẹ fi 1 kún un, ẹ wá fi ohun tó jáde pín iye gbogbo èèyàn. Ẹni 2,000 á di 333. Ìṣirò náà kò ní àbùkù. Ohun tó gbà pé ẹ ní lọ́wọ́ ló ń fa ìṣòro: orúkọ gbogbo ẹni 2,000 náà, àti agbára láti fa ẹnikẹ́ni yọ nínú wọn láìṣojúsàájú. Ìwé orúkọ tí ẹ máa rí gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn sábà máa ń ti pẹ́, baálé ilé ló sì máa ń kún inú rẹ̀. Obìnrin tó ní ebè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ọkọ rẹ̀ lè má sí níbẹ̀. Ìgbìrà tó gba ilẹ̀ dáko lọ́wọ́ onílẹ̀ lè má sí níbẹ̀. Ẹni tó ń ra iṣu kéékèèké jọ tó ń tà á fún èbù kò sí níbẹ̀ dájú, torí wọn ò pè é ní àgbẹ̀.

Ẹ mú abúlé mẹ́rin. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gba ẹnu ọ̀nà mẹ́rin wọlé: baálẹ̀, ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti ibi tí wọ́n ti ń ta èbù. Ẹ ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan dárúkọ ẹni mẹ́ta tí òun máa lọ bá bí èbù òun bá jẹrà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ jáde láti ẹnu ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ, ẹ kọ́kọ́ lọ bá a. Bí ọ̀rọ̀ ẹni mẹ́ta léra kò bá mú ohun tuntun wá mọ́, ẹ ti tó nìyẹn ní abúlé yẹn. Ó lè jẹ́ èèyàn mẹ́jọ, ó lè jẹ́ méjìlá. Ẹ ya àwòrán bí orúkọ ṣe ń tọ́ka sí orúkọ sínú orí kẹta. Bí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà baálẹ̀ nìkan, ẹbí baálẹ̀ nìkan lẹ máa bá sọ̀rọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí.

Ọjọ́ tí ẹ máa lọ náà wà lára ọ̀nà ìwádìí. Ọjà ọ̀rọ̀ọ̀rún ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin lórí kàlẹ́ńdà. Ẹ dúró ní abúlé kan fún ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀ léra, kí ọjọ́ ọjà, ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e lè bọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá lọ ní ọjọ́ ọjà nìkan kò ní bá obìnrin nílé. Ẹ má sì lọ nígbà tí wọ́n ń kọ ebè lójú méjèèjì, torí wọ́n á dá yín lóhùn tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ lè máa lọ.

Ẹ̀yin àti alábòójútó yín lè pàdé láàárín ọ̀nà lórí ìwé onípele márùn-ún. Àlejò tó di ìwé mọ́ àyà, tó ń bi àgbàlagbà pé ṣé ẹ gbà àbí ẹ ò gbà, ọ̀pọ̀ ni yóò sọ fún un pé àwọn gbà, nítorí ọmọlúàbí ni wọ́n. Ẹ wò ó bí ẹ bá fi gbólóhùn méjì tó tako ara wọn sínú ìwé kan náà: ẹni kan náà á gba méjèèjì. Dípò rẹ̀, ẹ kó ẹyọ ekuro ogún dání (bó bá ṣe àgbàdo ni, adìẹ á ṣà á jẹ). Ẹ tẹ́ nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ tó dúró fún ohun tí àgbẹ̀ fi ń yan èbù: iṣu tí awọ rẹ̀ dán, iṣu tó ti ń yọ ojú, iṣu tó tóbi, iṣu tó wá láti oko tí kò ní àìsàn. Ẹ ní kó pín ogún náà bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ṣe pàtàkì sí, ó sì lè fi òmíràn sílẹ̀ lófìfo. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ ka iye náà sókè fún un, kí ẹ bi í pé kí ló dé tí èyí fi ní mẹ́sàn-án tí tọ̀hún sì ní ẹyọ kan. Ìdáhùn "kí ló dé" yẹn ló níye lórí jù. Ẹni kọ̀ọ̀kan ni kó kọ́kọ́ dá ṣe é kí ẹgbẹ́ tó jọ ṣe é, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó dàgbà jù á pín in tán, àwọn yòókù á sì ní bẹ́ẹ̀ náà ni.

---

Ohùn_Ẹnu fèsì:

Bàbá_Abà ti ṣe púpọ̀. Èdè àti ohùn ni tèmi.

Ẹ má kọ ìbéèrè yín ní Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ wá túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ wa ni pé kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ẹlòmíràn túmọ̀ rẹ̀ padà, bí méjèèjì bá bára mu, ó ti dáa. Àmọ́ àwọn méjèèjì ló ti lọ ilé-ìwé, Yorùbá ìwé ni wọ́n jọ ń sọ, nítorí náà ó lè bára mu dáadáa kí ẹnikẹ́ni ní abà má gbọ́ ọ. Ẹ kọ ìbéèrè náà ní ẹ̀ka-èdè Èkìtì láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin àti ẹni méjì tó ń gbé ibẹ̀. Kí ẹ wá mú un lọ bá ẹni márùn-ún sí mẹ́jọ tí kò ní sí lára àwọn tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ ka ìbéèrè kan, kí ẹ má béèrè ìdáhùn. Ẹ ní kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tún ohun tí ẹ béèrè sọ. Ìbéèrè tí ẹni méjì bá sọ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tún un kọ.

Bí ẹ bá ń bi àgbà nípa ohun tó mọ̀, ẹ máa fi ìbéèrè kan kún un nígbà gbogbo: ẹ rí i fúnra yín ni, àbí wọ́n sọ ọ́ fún yín? Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì níbí, wọ́n sì gbé e jáde ní 1986. Wọ́n fi hàn pé àwọn àgbà yẹn ń ya ohun tí ojú ẹni rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a gbọ́, wọn kì í sì í fún méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà. Bí ìgbìmọ̀ bá béèrè ìlànà tó wà nídìí iṣẹ́ yín, ẹ lè gbé e lé ìyẹn: onímọ̀ ni ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ní ọ̀nà tirẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹ̀rí lágbára. Ẹ kọ "rí" tàbí "gbọ́" sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ń tú u palẹ̀. Ó máa wúlò fún yín ju àwọn orí-ọ̀rọ̀ tí sọ́fítíwíà ń pín in sí lọ.

Gbígba ohùn sílẹ̀: WAV (irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀) ni kí ẹ lò, 48 kHz, bíìtì 24, ojú ìkànnì kan. Wákàtí kan á gba nǹkan bíi 518 MB, nítorí náà ẹ ra káàdì tó tóbi. Èyí tí fóònù ń gbà fúnra rẹ̀ sábà máa ń fún ohùn pọ̀, ìró àmì ohùn kì í sì í hàn kedere mọ́ bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Ẹ fi fóòmù bo ẹnu ẹ̀rọ, ẹ jókòó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ọlọ.

Ohun tí wọ́n sọ ni kí ẹ kọ. Bí ó bá ní "ulé", "ulé" ni kí ẹ kọ, ẹ má sọ ọ́ di "ilé". Ọ̀rọ̀-orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú u kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, àwọn olùkọ̀wé yín á sì máa tún un ṣe láìfura. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ sílẹ̀ fún wákàtí ohùn kan, bí ẹ bá fẹ́ kí àmì ohùn pé.

Nǹkan kan tún wà tó ti ba ìtúpalẹ̀ púpọ̀ jẹ́. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ láti kọ ẹ. Àwọn kan ń lo lẹ́tà tó ti ní àmì lábẹ́ láti ilẹ̀, U+1EB9 (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà náà nìyẹn). Àwọn kan ń tẹ e, wọ́n á wá fi àmì U+0323 sí i lábẹ́. Àwọn kan ń lo U+0329, ìlà kékeré tó dúró, tó jọ ọ́ lójú. Nígbà tí ohùn òkè bá tún wá lórí ẹ, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó kó méjèèjì pọ̀, dandan ni kí ẹ̀rọ to àmì léra. Bí olùkọ̀wé mẹ́ta bá lo kíbọọ̀dù mẹ́ta, ẹ ó wá "ilẹ̀" tàbí "àgbẹ̀" nínú sọ́fítíwíà, á sì mú ìdá kan wá nínú mẹ́ta. Ẹ ó rò pé àgbẹ̀ kò sọ ọ́. Kíbọọ̀dù kan náà ni kí gbogbo yín lò, kí ẹ sì sọ gbogbo fáìlì di NFC (ìlànà tó ń jẹ́ kí a kọ lẹ́tà kan náà ní ọ̀nà kan ṣoṣo) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtúpalẹ̀. Ẹni tó ń lo U+0329, ẹ fi "wá kí o sì rọ́pò" sọ ọ́ di U+0323 ṣáájú, torí NFC kò ní bá yín ṣe ìyẹn.

Orúkọ irú iṣu: ewùrà, ìgángán àti èsúrú kò ní jẹ́ ìṣòro. Lára iṣu funfun ni wàhálà wà. Orúkọ kan náà lè dúró fún iṣu méjì ní ìlú méjì, iṣu kan sì lè ní orúkọ mẹ́ta. Ẹ má gba orúkọ láìgba fọ́tò ewé, ìtàkùn, awọ àti inú iṣu tí wọ́n gé, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

---

Oníwàádìí_Adó tún béèrè:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ebè mẹ́wàá tí a fi mẹ́sàn-án pín yẹn, n kò rí i kà níbì kankan rí. Nǹkan méjì ló kù. Olùdánwò láti ìta máa béèrè álífà Cronbach lọ́wọ́ mi, kí ni kí n sọ? Ekejì, alábòójútó mi ní ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu àgbà kò lè wọ inú ìwé ìtọ́kasí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

---

Òǹkà fèsì:

Álífà ń sọ bí àwọn gbólóhùn inú ìwé ìbéèrè kan ṣe ń rìn pọ̀. 0.70 ni wọ́n sábà máa ń gbà sókè. Kò ní ohun kankan í ṣe pẹ̀lú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tàbí ekuro. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá fi ohun tó bá iṣẹ́ yín mu rọ́pò rẹ̀. Fún ekuro, ẹ padà lọ bá ìdá kan nínú márùn-ún àwọn èèyàn náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tún un pín, kí ẹ fi méjèèjì wéra. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì dá ṣe ìtúpalẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ ṣírò kápà Cohen, nọ́ńbà tó ń fi hàn bí ìtúpalẹ̀ ẹni méjì ṣe bára mu tó. Níbi tí ẹni méjèèjì kò ti gbà, àgbẹ̀ tó sọ ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ lọ bi.

Mo fẹ́ ta ko ohun kan díẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Bàbá_Abà gan-an bí kò ṣe bí àwọn èèyàn ṣe máa ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà kì í ṣe ti amúnisìn. Nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, kíláàsì tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ títí dé ìparí ni wọ́n fi wé kíláàsì tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà, wọ́n sì dán àwọn ọmọ méjèèjì wò. Máàkì àwọn ọmọ náà ni wọ́n gbé síwájú àwọn tó ń ṣiyè méjì. Bí wọ́n bá ti fi ìfẹ́ èdè nìkan jà, kò sẹ́ni tó máa dá wọn lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín. Bí a bá gbà pé ohun tí àgbẹ̀ mọ̀ jẹ́ ìmọ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣeé dán wò bíi ti ilé ìwádìí. Kíkọ ọ́ sílẹ̀ bí ìtàn tó dùn láìdán an wò, àbùkù mìíràn ni fún un. Ẹ gbé ìwọ̀n ilé ìdáná tó ń gbé kílò márùn-ún, tó sì ń fi giráàmù hàn, lọ sóko. Ẹ wọn èbù ọgbọ̀n lọ́wọ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá lára iṣu: orí, àárín tàbí ìdí. Kí wọ́n sọ fún yín èyí tó máa kọ́kọ́ hù kí ẹ tó gbìn ín (èbù orí ni púpọ̀ máa sọ). Ẹ gbin ọgbọ̀n nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ebè àádọ́rùn-ún, kí ẹ dà wọ́n pọ̀ káàkiri ilà, torí bí orí bá wà ní ilà kan tí ìdí sì wà ní òmíràn, ilẹ̀ ni ẹ ń wọ̀n. Ẹ ka iye tó hù lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àgbẹ̀ ni kó bá yín yan ilẹ̀ náà, òun ni kó sì sọ ohun tí ẹ máa kà. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá rí bó ṣe sọ, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó sọ nígbà tó rí i.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà "ìmọ̀ ìbílẹ̀ Èkìtì". Èbù tó wà ní abà lónìí ti gba ọwọ́ Ìgbìrà, ó ti gba ọjà kọjá. Ẹ béèrè ibi tí èbù ti wá lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fún un ní ìlú.

---

Ìyá_Àkójọ fèsì:

Ní ti ìtọ́kasí: ìlànà APA, ẹ̀dà keje, fi ọ̀rọ̀ tí a bá ènìyàn sọ sáàárín iṣẹ́ nìkan, kì í jẹ́ kó wọ inú àkójọ ìwé ní ìparí, torí òǹkàwé kò lè rí i gbà. Òótọ́ ni alábòójútó yín sọ dé ibẹ̀ yẹn. Ẹ ṣe àkójọ kejì lẹ́yìn ti ìwé, ẹ pe àkọlé rẹ̀ ní "Àwọn tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn": orúkọ, oyè tàbí iṣẹ́, ìlú, ọjọ́, èdè tí wọ́n sọ, àti ibi tí ohùn náà wà. Nígbà tí ohùn bá ti wà ní ibi ìkówèésí pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, ó ti di ohun tí òǹkàwé lè rí, ẹ sì lè tọ́ka sí i bí ẹ ṣe ń tọ́ka sí fáìlì mìíràn.

Àmọ́ ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí lè ní kí ẹ fi orúkọ gbogbo ènìyàn pamọ́. Níhìn-ín ni kí ẹ ti dúró gbọn-in. Ẹ wo ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, ó sì di ti Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù nípasẹ̀ pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú àga ọba tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Ọdún púpọ̀ kọjá kí orúkọ Ọlọ́wẹ̀ tó di mímọ̀ fún àwọn tó ń wò ó. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé torí ààbò rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò kàn béèrè ni. Àgbẹ̀ tó ti fi ogójì ọdún yan èbù lè fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ohun tó mọ̀. Ẹlòmíràn lè má fẹ́, pàápàá ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ fún ẹni kọ̀ọ̀kan láyè mẹ́ta: orúkọ rẹ̀ ní kíkún, oyè tàbí agbo ilé nìkan, tàbí orúkọ tí a fi bò ó. Kó yàn lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ ohun tí ẹ kọ, kí ó má jẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí nígbà yẹn kò tíì mọ ohun tí ó máa sọ.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tẹ ìka sí kì í fi ọkàn ẹni balẹ̀. Ìwé ilẹ̀ àti ìwé ọlọ́pàá ló jọ. Ẹ gba ìyọ̀ǹda ní ohùn: ẹ ka ọ̀rọ̀ náà ní Èkìtì, kó dáhùn, kí ẹlẹ́rìí kan tó yàn fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyọ̀ǹda baálẹ̀ ń ṣí ọ̀nà ìlú ni, kò dúró fún ti ẹnikẹ́ni. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, 2023, fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti fa ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà, nítorí náà ẹ fi nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ tí ẹ ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un lórí káàdì kékeré kan.

Ẹ béèrè pẹ̀lú pé kí ni kò gbọ́dọ̀ jáde. Ewéko Hoodia tí àwọn San ní gúúsù Áfíríkà ń jẹ láti fi pa ebi, ilé ìwádìí ìjọba gba ẹ̀tọ́ àtinúdá lé e lórí ní àwọn ọdún 1990 láìfọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n. 2003 ni wọ́n tó bá wọn ṣàdéhùn pípín èrè. Ní 2017, àwọn San gbé ìlànà tiwọn jáde fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí láàárín wọn: ọ̀wọ̀, òótọ́, ìdájọ́ òdodo, ìtọ́jú, àti títẹ̀ lé ètò tó yẹ. Iṣu tiyín lè má tó Hoodia lówó, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba èbù lọ sí ilé ìwádìí mìíràn lẹ́yìn yín, ta ni wọ́n máa bi? Kí ìdáhùn sí ìyẹn wà ní kíkọ kí ẹ tó kó èbù kan kúrò ní abúlé.

Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá gboyè kí ẹ tó padà lọ. Nígbà tí orí kẹrin bá ti wà ní àkọ́kọ́kọ, ẹ lọ kà á sókè ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí ẹ gba ohùn àtakò wọn sílẹ̀, kí ẹ fi í sínú iṣẹ́ náà lábẹ́ orúkọ wọn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún un nínú kàlẹ́ńdà yín, kí owó ọkọ̀ rẹ̀ sì wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó sábà máa ń tán.

---

Bàbá_Abà tún fèsì:

Ó tọ́ kí n fi èyí kún ọ̀rọ̀ Òǹkà. Bí ẹ bá máa ṣe ìdánwò ebè àádọ́rùn-ún yẹn, kí ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín kí oṣù kejì tó parí, kí èbù lè wọlẹ̀ nígbà tí òjò bá dé ní oṣù kẹta sí ìkẹrin. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọdún kan gbáko lẹ máa fi dúró. Ẹ kọ àwọn oṣù yẹn sínú àbá tí ẹ máa gbé síwájú wọn, kí wọ́n rí i pé òjò ló ń díwọ̀n àsìkò iṣẹ́ náà.